Ọdún Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Funfun Sàmì Sídìí Ọjà Wa

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ fèrè ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ mi a ti fẹ́ sáré kí orí mi tó rántí pé mo ti dàgbà, pé ìwé ìgbélùú mi pé, pé n kò sì gbé igbá kankan sórí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé-ìwé Faransé, fèrè yẹn ló ń pín ọjọ́ fún wa ní Niamey. Tó bá ti dún lápá ibi tí takisí ń dúró sí ní Grand Marché, ọjà ńlá àárín ìlú, ìyá mi á ká ẹní rẹ̀ tòun ti ọjà inú rẹ̀, á gbé e rù, á fi ọwọ́ kan gbá ọwọ́ mi mú, a ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tí fèrè bá dákẹ́, a ó padà, a ó tún un tẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọjà rẹ̀, wọ́n á sì tún fi kòbókò kí i.

Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ń wa yùréníọ̀mù nínú ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ní Arlit, owó rẹ̀ sì ń wọlé débi pé kò sí ìgbà tí wọn kì í la títì tuntun, tí ilé tó ga ju igi dóńgóyárò lọ kì í yọ lójijì láàárín ìlú. Bàbá mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé, nítorí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Arlit kì í yé bàjẹ́. Ó máa ń sọ pé ìjọba fẹ́ kí ìlú dán, kí àwọn òyìnbó tó ń wá ra ohun tó wà nínú ilẹ̀ lè rí ibi tó mọ́ wolẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí tí kò dán ni àwa: àwọn àlejò tó ń tajà létí títì, ará Mali, ará Togo, àti àwa Yorùbá tí àwọn òbí wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Niamey ni wọ́n bí mi sí. Èdè Zarma ni mo fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò jà, Faransé ni mo fi ń kàwé, ṣùgbọ́n lójú onífèrè, àlejò ni mí.

Yantala là ń gbé, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ òórùn Odò Ọya bí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀ wá. Yàrá wa méjì dojú kọ yàrá Ìyá Súnkànmí, àgbàlá oníyanrìn ló sì wà láàárín wa, tí èmi àti Súnkànmí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ń gbá láràárọ̀. Ìpè ìrun ló kọ́kọ́ ń dún, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ odó àwọn obìnrin Zarma ẹ̀yìn ọgbà tó ń gún jéró, lẹ́yìn náà ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó ń kọ orin ìsìn òwúrọ̀ lórí ẹní láìdìde, tí yóò sì máa dá orin dúró láàárín láti bá wa wí: "Ẹ gbálẹ̀ dé ìdí ìkòkò omi o, ojú mi ò tíì fọ́ tán!" Ààrò kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá náà. Ìyá mi á dáná lónìí, Ìyá Súnkànmí á dáná lọ́la, gbogbo wa á sì jẹ ẹ́ pọ̀. Iṣu tó bá ti Gaya, lẹ́nu ibodè, dé ọ̀dọ̀ wa ti rọ tán, nítorí náà tùwó jéró là ń jẹ, tàbí ẹ̀bà bí gààrí bá bá ọkọ̀ dé, tàbí ewé kopto bíbọ̀ tí wọ́n fi kúlíkúlí gígún àti àlùbọ́sà pò. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn kopto rárá. Á ní ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ òun wá dà ní Niamey. Síbẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, á sì fi ìka nu àwo.

Ìyá mi ló mú Ìyá Súnkànmí wọ ọjà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí kòtò yùréníọ̀mù ní Arlit, ìgbà tó bá wù ú ló ń wálé. Obìnrin náà sanra, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojo ni; bí aláǹgbá bá já bọ́ láti òkè àjà, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ rí níta. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe ìyá mi. Ẹní wọn fara kanra létí ọgbà Grand Marché: ìyá mi ń ta àtíkè, kóòmù, òwú ìdirun àti dígí pẹlẹbẹ, òun ń ta sílípáàsì àti ṣòkòtò ọmọdé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí àwọn obìnrin wa ṣe ń bá ara wọn tajà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ pọn omi tàbí kó lọ wo ọmọ, kò ní sọ ju "Bá mi wojú ẹ̀" lọ. Láti ìgbà náà títí tó fi máa dé, ẹni tó jókòó tì í ti di ọlọ́jà. Oníbàárà kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ọlọ́jà kò sí, torí bó bá ti gbọ́ pé ẹni tó ni ín ń bọ̀, á ní òun náà ń bọ̀, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ẹni tó ni ọjà, ìdáhùn kan ló wà: tèmi ni. Wọ́n á sọ ọ́ láìṣẹ́jú, wọ́n á bá oníbàárà ná an, wọ́n á bínú sí ẹni tó bá sọ pé ọjà náà kò dára, àfi bíi pé owó ara wọn ni wọ́n fi rà á. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí irọ́. Ìyá mi ti di oníbàtà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá Súnkànmí náà sì ti ta àtíkè débi pé ó mọ èyí tí àwọn ìyàwó Zarma fẹ́ràn ju ìyá mi alára lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, rédíò sọ ọ́ ní Zarma, ó tún un sọ ní Hausa, pé wọn ò ní máa lé àwọn ọlọ́jà etí títì mọ́. Ìjọba fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ mọ tábìlì onísìmẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Grand Marché, wọ́n fẹ́ fi páànù bò ó. Àlejò tí ìwé rẹ̀ bá pé á gba ọ̀kan, á máa san owó ọjà bí gbogbo èèyàn ṣe ń san án, fèrè á sì dákẹ́. Ẹnì kan, tábìlì kan. Àwọn ṣọ́jà á wá fi ọ̀dà sàmì síbi tí wọ́n bá bá oníkálukú. Ẹni tí kò bá rí gbà, kó máa lọ sí Talladjé lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín yanrìn. Àlejò tó bá sì purọ́ fún ìjọba, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Gaya, ó di òdìkejì ibodè. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ju tábìlì yìí lọ. Á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n lára ògiri yàrá wa: àtíkè níbí, kóòmù níbí, dígí ní kọ̀rọ̀ kí oòrùn má bàa kàn án. Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí òun tó gbà pé ṣọ́jà lè fúnni ní nǹkan. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀, torí wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ìyá mi, á fún ẹsẹ̀ pọ̀, á jókòó sórí ẹní rẹ̀.

Ara Túndé, àbúrò mi tó ṣì wà lẹ́yìn, ló lé e dìde. Ọjọ́ ìsinmi ilé-ìwé ni, mo wà lọ́jà pẹ̀lú wọn. Láti àárọ̀ ni ara ọmọ náà ti gbóná, ìyá mi sì ń sọ pé á lọ, á lọ, títí ojú rẹ̀ fi yí sókè tí ọrùn rẹ̀ sì le gan-an lójú wa. Ìyá mi ò tilẹ̀ wọ bàtà. Ó kígbe pé, "Ìyá Súnkànmí, bá mi wojú ẹ̀!" a sì ti ń sá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún lára, ìyá mi ń pe Jésù, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó tún ń pe Jésù. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, Túndé ti ń wá ọmú. Bá a ṣe ń padà bọ̀, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, ó ra omi dídì inú ọ̀rá fún mi, ohun tí kì í ṣe.

Mo kọ́kọ́ rí ọ̀dà náà kí n tó rí èèyàn. Ó funfun, ó ṣì tutù, wọ́n fi ìlà yí ẹní kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n kọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni wọ́n fi yí ẹní ìyá mi àti ti Ìyá Súnkànmí ká pọ̀, wọ́n sì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn síbẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń ṣe sórí ìṣirò tí ọmọ bá ṣì. Ìyá Súnkànmí jókòó sáàárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní méjèèjì mú. Ó wo ìyá mi, ó wo Túndé, ó ní, "Ṣé ó ti yá?" Ìyá mi ní ó ti yá. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ba nǹkan jẹ́."

Ó ní ọ̀gá ṣọ́jà kan ló wá, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó na igi sí ẹní ìyá mi, ó bèèrè ní Hausa pé ta ló ni ín. Ìyá Súnkànmí ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Nawa ne," ó ní, tèmi ni. Ọ̀gá náà ní, ìyẹn ńkọ́? Ó wo sílípáàsì tirẹ̀, ó tún ní, "Nawa ne." Ìgbà tí ọkùnrin náà yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ní kí wọ́n wo bí àlejò ṣe ń gba méjì ni ohun tó sọ tó yé e. Ó fẹ́ ṣàlàyé. Obìnrin ará Mali kan tí kò ráyè gbà ti ń pariwo pé bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gá náà wá bèèrè ohun kan péré: ṣé irọ́ lo pa fún mi? Ìyá Súnkànmí rí ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ti wà nínú rẹ̀, ó ní rárá, òun kò purọ́. Ni ọ̀gá bá ní kó wá sí ọ́fíìsì òun ní ọjọ́ Ajé, kó wá mú ọ̀kan, ẹlòmíràn á gba ìkejì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi jókòó sórí àpótí, kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì. "Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni," ó ní. "Ìwọ náà á lọ. Wàá sọ fún wọn pé ìkan jẹ́ tìrẹ. Ìwé ẹ pé. Ó parí."

Ìyá mi ní, "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Bọ́lá, kí ni wọ́n máa pe òun?"

"Wọ́n á pè é ní òpùrọ́. Ṣé ìwọ lo rán an ní irọ́ ni?"

"Èmi ni mo rán an. Mo ní kó bá mi wojú ẹ̀."

"O ò ní kó gba tábìlì mọ́ ẹ lọ́wọ́!" Bàbá mi dìde, ó tún jókòó. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé ìlú yìí ni ìyá mi ti ń sá kiri pẹ̀lú ẹrù lórí, pé ó sá pẹ̀lú oyún mi, ó sá pẹ̀lú oyún Túndé, pé nísinsìnyí tí wọ́n fẹ́ fún un níbi jókòó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Àjàní, rọra. Ògiri ò nípọn." Ó wá ní tó bá jẹ́ ilé ni, wọn ì bá pe ìyálọ́jà, ìyálọ́jà á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n máa lọ. "Ta ni ká pè níbí? Ta ló máa yé?" Mo mọ̀ pé Ìyá Súnkànmí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí iná àtùpà rẹ̀ wà ní títàn, kò sì sí ìró kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí kì í dákẹ́ ni.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àgbàlá wa pín sí méjì. Ìyá Súnkànmí gbé àdògán sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè, òórùn ọbẹ̀ méjì sì ń pàdé láàárín yanrìn. Ìyá mi ò bá a jà, òun náà ò wá bẹ ìyá mi. Mo rò nígbà yẹn pé ìgbéraga ló mú un. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ ni. Tó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá mi má sọ̀rọ̀, ó ń tọrọ tábìlì ìyá mi nìyẹn. Tó bá ní kí ìyá mi sọ òótọ́, Gaya ló ń lọ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ mẹ́ta ló wà ní yàrá rẹ̀, bàbá wọn sì wà nínú aṣálẹ̀. Èmi àti Súnkànmí ń gbálẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá gbé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ kó yanrìn jọ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "A ó máa bá yín gbé." Ó sọ ọ́ bíi pé ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Inú mi bà jẹ́, inú sì bí mi sí i, torí mo fẹ́ kí tábìlì náà jẹ́ tiwa.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá mi ní kí n má lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, Faransé ni wọ́n ń fi sọ ọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú àgbàlá tó gbọ́ Faransé tó mi. Bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé wa, ìyá mi ní bó bá bínú sí ṣọ́jà, gbogbo wa là ń sùn sí Gaya. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ohun tí ìyá ẹ bá sọ ni kó o sọ. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀." Ìyá Súnkànmí ń rìn níwájú, àwa ń rìn lẹ́yìn, bíi pé a ò mọ ara wa rí.

Ọ́fíìsì náà ní fáànù lókè, àwòrán olórí ìjọba wà lára ògiri, ó wọ aṣọ ṣọ́jà. Lójú fèrèsé ni ọkọ̀ náà wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, àwọn èèyàn jókòó lórí ẹrù wọn nínú rẹ̀, ìyá kan ń da omi sórí ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà náà kò burú tó bí mo ṣe rò. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí ní Faransé pé kíláàsì wo ni mo wà, ó ní ó dáa. Ó ní kí n sọ fún wọn pé torí tiwọn ni òun ṣe ń ṣe gbogbo èyí, pé bí gbogbo èèyàn bá ní tábìlì tirẹ̀, kò sí ọmọ iṣẹ́ òun tó tún máa lu obìnrin kankan létí títì, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ́lé lórí irọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn. Àwọn méjèèjì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá mi, ó ní kí n bi í pé kí ló wá ṣe, ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ nípa àyè méjì wọ̀nyí, ta ló ni wọ́n gan-an.

Mo bi í. Mo ti mọ Faransé tí mo máa sọ. Mo ti ń kọ́ ọ lọ́kàn láti òru, pé ọ̀kan jẹ́ ti ìyá mi, pé ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ìyá mi yíjú sí Ìyá Súnkànmí. Obìnrin náà ò wò ó, ilẹ̀ ló ń wò, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbàdúrà láìmọ àdúrà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bú lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún rọlẹ̀. Ìyá mi ní, "Tirẹ̀ ni."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Màmá?"

"Méjèèjì. Tirẹ̀ ni. Sọ fún un."

Mo sọ fún un. "C'est à elle, monsieur. Les deux." Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, mo sì rí i bí ọ̀gá náà ṣe fi bírò fa ìlà kan. Ó ní kí n bi ìyá mi nígbà náà pé kí ló wá ṣe ní ọ́fíìsì òun. Ìyá mi ní, "Mo sìn ín wá ni."

Bàbá mi kò jẹun nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá Àgbà nìkan ló bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, o ṣe é," kò sì sọ bóyá ó ṣe é dáadáa ni àbí ó ṣe é ṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi ti ń lọ sí Talladjé. Yóò jí kí wọ́n tó pe ìrun, yóò wọ takisí méjì, yóò tẹ́ ẹní síwájú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, níbi tó jẹ́ pé àwọn bíríkìlà nìkan ni èèyàn ibẹ̀. Kí ni bíríkìlà fẹ́ fi àtíkè ṣe? Nígbà tí mo bá bá a lọ, a ó jókòó títí ọ̀sán, yanrìn á ti bo dígí títí a ò fi ní lè wo ojú ara wa nínú wọn. Lákòókò yẹn náà ni wọ́n mọ tábìlì Grand Marché tán. Mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mò ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ó dán, ó ní òjìji, sílípáàsì sì tò lórí rẹ̀ lọ́nà tó wuni, Ìyá Súnkànmí jókòó sẹ́yìn wọn bí ẹni tó jókòó síwájú adájọ́. Lórí ìkejì, obìnrin ará Mali náà ń ta tùràrí.

Gbogbo èèyàn ń yin ìyá mi. Nílé ìjọsìn, àwọn obìnrin ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní ẹni rere, Ìyá Súnkànmí á sì máa wo ìwé orin tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ìyá mi kì í sọ ohunkóhun sí i tí kò dára. Láràárọ̀ ló ń kí i: ẹ káàárọ̀, ẹ ò jíire, àwọn ọmọ ńkọ́. Obìnrin tó máa ń bú ṣeré tẹ́lẹ̀, tó máa ń gbá nídìí, ó wá ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí ìyàwó pásítọ̀. Bí Ìyá Súnkànmí bá gbé búrẹ́dì tàbí ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà wa, ìyá mi á ní kí n dá a padà, kí n ní a dúpẹ́, a ní. Mo rí i bí obìnrin náà ṣe ń rù. Ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ. Òun ló ní tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ àgbàlá wa lásìkò yẹn tó wo ojú àwọn méjèèjì, kò ní mọ èwo ló pàdánù.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ooru mú débi pé àwọn adìyẹ ń la ẹnu sílẹ̀, tí òjò àkọ́kọ́ ò tíì rọ̀. Ìyá mi ń to ọjà Talladjé fún ọjọ́ kejì, ó ń fi aṣọ nu dígí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Súnkànmí jáde sáàárín àgbàlá láìdi gèlè. Ìyá mi ní, "Ẹ kú ìsinmi o." Ni obìnrin náà bá kúnlẹ̀ sínú yanrìn gbígbóná yẹn, ó pariwo.

"Ẹ bú mi!"

Ìyá mi wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú mi. Ẹ ò bú mi láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ ń kí mi. Ẹ̀ ń bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́. N kò lè sùn. Mo fẹ́ kí ẹ bú mi kí n lè rí yín wò lójú."

Bàbá mi yọjú láti inú yàrá. Ìyá mi rọra gbé dígí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ bú u fún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kó dìde, pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní àbọ̀. Lẹ́yìn náà ló figbe bọnu.

"Ìwọ ojo yìí! Ìwọ ẹlẹ́nu bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́! Odidi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ṣọ́jà kan bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, o ò lè ní kó dúró, kó ní sùúrù, ẹni tó ni ín ń bọ̀! Túndé tó wà lẹ́yìn mi gbọ́n jù ọ́ lọ! Ṣé o mọ Talladjé? Ṣé o dé ibẹ̀ rí? Yanrìn ni mò ń jẹ níbẹ̀! Bíríkìlà ni mò ń ta àtíkè fún! Tèmi ni tábìlì yẹn! Tèmi ni, tèmi ni, èmi ni mo mọ ibi tí mo fẹ́ to nǹkan sí lórí ẹ̀!" Ó ń sunkún, ó ń bú u, ó bú orí rẹ̀, ó bú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé e dé ọjà, ó bú ọkọ rẹ̀ tí kì í wálé, ó padà sórí ẹnu rẹ̀, ó tún un bú láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin Zarma ti gun orí odó lẹ́yìn ọgbà láti wò wá. Bàbá mi fẹ́ jáde lọ là wọ́n, Ìyá Àgbà sì di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ní, "Jókòó, Àjàní. Má bà á jẹ́ o." Ìyá Súnkànmí wà lórí eékún, omi ojú ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń wo ìyá mi lójú kòrókòró.

Nígbà tó yá, ohùn ìyá mi há, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Súnkànmí dìde, ó gbọn yanrìn kúrò ní eékún, ó lọ bu omi wá láti inú ìkòkò tirẹ̀. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún tán láìmí.

Ìyá Súnkànmí ní, "Ṣé ó ti tán?"

Ìyá mi ní, "Kò tíì tán," ó gbé ife náà fún un, ó ní, "Jókòó síbẹ̀ yẹn," ó sì tún bẹ̀rẹ̀.